Fúláàtì Àtijọ́ Kan ní Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, àti Bí Ìyá Ìbejì àti Ọkọ Rẹ̀ Ṣe Rà Á

Fúláàtì tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí wà ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé alájà mẹ́rin kan tí káńsù kọ́ ní ọdún 1967. Oníyàrá méjì ni. Òkè pátápátá ló wà, lábẹ́ òrùlé pẹrẹsẹ, kò sì sí lífíìtì, àtẹ̀gùn ni èèyàn ń gùn débẹ̀. Àwọn tó rà á jẹ́ tọkọtìyàwó tí mo mọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ìlú yìí. Ìyá Ìbejì ni mò ń pe ìyàwó, Bàbá Ìbejì ni ọkọ, àwọn méjèèjì sì ń pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe, ilé àtijọ́ ni mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún wáyà rẹ̀ ṣe, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n bá àwọn wò ó. Wọ́n ti fún mi láyè kí n kọ ọ́ sílẹ̀ tòun ti iye owó rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ló ń wá irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Yàrá kan ni àwọn òbí àti ìbejì jọ ń sùn nínú ilé tí wọ́n háyà tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti wo fúláàtì tí wọ́n tún ṣe tán ládùúgbò náà, owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Èyí tí ọwọ́ wọn lè tó ni èyí tí ejẹ́ńtì kọ sára ìpolówó rẹ̀ pé ó ń fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. £315,000 ni wọ́n ń pè é.

Bí irú fúláàtì yìí ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni lè rà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1980 ni ìjọba Margaret Thatcher ṣe òfin tó fún àwọn tó ń gbé ilé káńsù lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á ní ẹ̀dínwó. Ìyá àgbàlagbà tó ń gbé inú èyí ra tirẹ̀ ní 1983. Ó tọ́ ọmọ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà dàgbà, wọ́n kó lọ, òun nìkan ló wá kù. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé àtẹ̀gùn mọ́, ó lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà, ibẹ̀ ló sì kú sí. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló gbé ilé fún ejẹ́ńtì. Ó ti lé ní ọdún méjì tí ẹnikẹ́ni ti sùn níbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ọdún méjì yìí sọ́kàn, owó wà nínú rẹ̀, mo sì máa padà bá a.

Ohun tí ojú rí

Nígbà tí a wọlé, Ìyá Ìbejì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, kò wọ inú rẹ̀. Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù méjì ti já, ọ̀rá ti dì mọ́ ara ògiri lẹ́yìn ibi tí sítóòfù wà, ike tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ti ká sókè láwọn igun. Nínú yàrá ńlá, èbu dúdú ti bo igun ògiri kan, àmì omi sì wà ní àjà lókè rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ilé yìí ń bà mí," ló wí.

"Má jẹ́ kí kíṣìnnì bà ọ́ lẹ́rù," ni mo dá a lóhùn. "Kíṣìnnì ní iye tí wọ́n ń tà á. Òrùlé ni kí ẹ jẹ́ ká béèrè."

Mo ṣí àpótí iná. Fíúùsì oníwáyà ni ó ṣì wà níbẹ̀, irú èyí tó jẹ́ pé tó bá jó, èèyàn á fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ́ wáyà tuntun mọ́ ọn. Kò sí ohunkóhun níbẹ̀ tí yóò gé iná kíákíá bí iná bá fẹ́ gbé ọmọ ènìyàn, èyí tí gbogbo ilé tí wọ́n ṣe wáyà rẹ̀ lóde òní gbọ́dọ̀ ní. Ṣọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló wà nínú yàrá kékeré. Ẹ̀rọ amúlégbóná inú ilé náà jẹ́ irú àwọn ńláńlá tí ń fi òru gba iná nígbà tí owó iná dínkù, tí yóò wá máa tú ooru jáde lójú ọjọ́. Mẹ́ta ni wọ́n, ẹyọ kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dà nínípọn tó rí wúruwùru, tí wọ́n máa ń pè ní Artex, ló wà ní gbogbo àjà. Férémù fèrèsé jẹ́ irin, gíláàsì ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì fi sí i, afẹ́fẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Ṣé ohun tó pọ̀ nìyẹn? Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ pátá ni mo lè jókòó ṣírò lórí tábìlì. Wáyà, páìpù, pílásítà, kọ́bọ́ọ̀dù, ọ̀dà: iye wọn kò fara sin fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́. Ìdọ̀tí tó wà nínú ilẹ̀kùn fúláàtì kì í ṣe ohun tó lè dá olùrà padà sí oko gbèsè. Èyí tó wà níta ilẹ̀kùn ni kí a bẹ̀rù: òrùlé, ògiri ìta, àtẹ̀gùn, àti ìwé tó sọ ẹni tí yóò sanwó wọn. Ẹni tó ra fúláàtì kò ní àṣẹ lórí wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n á mú ìwé owó rẹ̀ wá bá a dandan. Ìyẹn ni mo ń tẹ̀ mọ́ wọn létí láti ọjọ́ àkọ́kọ́, òun náà ló sì pinnu iye tí wọ́n ra ilé náà nígbẹ̀yìn.

Kò rọrùn fún àwa tí a ti ilé wá láti gbà bẹ́ẹ̀. Nílé, èèyàn á ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀, á gba ìwé, á kọ́lé sórí rẹ̀, òrùlé tirẹ̀ ni, ilẹ̀ tirẹ̀ ni. Ní England àti Wales, ẹni tó ra fúláàtì kì í sábà ra ilẹ̀. Líìsì ló máa ń rà, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti lo fúláàtì náà fún iye ọdún kan tó ní òpin. Nínú irú ilé tí mò ń wí yìí, káńsù ló ṣì ni ilẹ̀, ògiri ìta, òrùlé, àti férémù fèrèsé pàápàá. Bàbá Ìbejì gbọ́ ti fèrèsé, ó yà á lẹ́nu. Ó ti ń ronú irú fèrèsé tí yóò fi sí i. Mo sọ fún un pé bó bá tilẹ̀ lówó rẹ̀ lọ́wọ́, kò lè yọ ọ́ láìgbàṣẹ.

Ọdún tó kù lórí líìsì

Kí wọ́n tó dá owó kankan lé e, mo ní kí wọ́n lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì HM Land Registry, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ilé àti ilẹ̀, kí wọ́n san £7, kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ ilé náà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Ibẹ̀ la ti rí i pé líìsì ọdún 125 ni, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Nígbà tí à ń wò ó ní 2025, ọdún 83 ló kù. Owó ilẹ̀ tí wọ́n ń san fún káńsù jẹ́ £10 lọ́dún, ìyẹn kò da ẹnikẹ́ni láàmú.

83 pọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀. Lójú ẹni tó mọ̀, ó ti sún mọ́ ẹnu ààlà. Bí líìsì bá ti bọ́ sísàlẹ̀ ọdún 80, ẹni tó fẹ́ fi ọdún kún un gbọ́dọ̀ pín èrè tí àfikún náà bá mú wọ iye ilé, ìdajì rẹ̀ jẹ́ ti onílẹ̀. Òfin tó jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ní kí wọ́n fagi lé ìdajì yẹn, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi ra ilé yìí, abala yẹn kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala mìíràn nínú òfin kan náà ló ṣe wọ́n lóore. Tẹ́lẹ̀, èèyàn gbọ́dọ̀ ti ni fúláàtì fún ọdún méjì kó tó lè béèrè fún àfikún. Láti 31 oṣù Kìíní ọdún 2025, wọ́n ti mú ìdúró ọdún méjì náà kúrò. Èyí túmọ̀ sí pé tí orúkọ wọn bá ti wọ ìwé ìjọba báyìí, wọ́n lè béèrè lọ́gán, kí 83 tó di 80.

Àwọn tó fẹ́ yá wọn lówó náà ní ìbéèrè tiwọn. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí wọ́n fi kọ́ ilé náà, ṣé bíríkì ni àbí pátákó kọnkéré ńláńlá tí wọ́n tò léra wọn. Ìbéèrè yẹn ní ìdí. Ní 16 oṣù Karùn-ún ọdún 1968, gáàsì bú gbàù nínú fúláàtì kan ní Ronan Point, ilé alájà 22 kan ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, igun kan ilé náà sì wó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn mẹ́rin ló kú. Láti ìgbà náà ni irú ilé onípátákó bẹ́ẹ̀ ti ń kọ àwọn ayánilówó lóminú. Bíríkì ni tiwa, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Ẹni tí báǹkì rán wá wo ilé, báǹkì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé náà tó iye tí wọ́n fẹ́ yá yín lé e lórí, kò wá yẹ ara ilé náà wò fún yín. Nítorí náà ni mo fi rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba olùyẹ̀wò ilé tiwọn, ọmọ RICS, ẹgbẹ́ àwọn olùyẹ̀wò ilé, kí ó sì ṣe àyẹ̀wò ìpele kẹta tó jinlẹ̀ jù, torí pé ìpele kejì wà fún ilé tí kò ní ìdíjú. Bàbá Ìbejì fẹ́ fi owó yẹn pamọ́. Ó ní ṣebí èmi ti wò ó. Mo ní èmi wo wáyà, èmi kò wo ìyókù. Wọ́n gbà á. Ìròyìn olùyẹ̀wò náà sọ nǹkan méjì tó ṣe pàtàkì: pé èbu dúdú igun yàrá wá láti ara ọ̀rinrin inú ilé tí kò rí ibi jáde, àti pé àmì omi àjà yẹn kì í ṣe ọ̀rinrin, òrùlé ló ń jò. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí lọ́yà béèrè lọ́wọ́ káńsù ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí òrùlé náà.

Ìwé tó wá láti káńsù

Wọ́n ti fẹnu kò sí £302,000. Lọ́yà kọ̀wé sí káńsù fún àkójọ ìwé ilé: owó ìtọ́jú ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ìwé ìbánigbófò, iṣẹ́ ńlá tó ń bọ̀ lọ́nà. Owó ni wọ́n fi ń gba ìwé náà, ó sì pẹ́ kó tó dé. Ejẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lójoojúmọ́. Ó ní àwọn mìíràn ń béèrè ilé náà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, pé kò sí ohun tó máa wà nínú ìwé káńsù ju owó ìtọ́jú lásán lọ.

Ìyá Ìbejì pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ká fọwọ́ sí i? Wọ́n ní ilé náà máa bọ́ lọ́wọ́ wa."

Mo ní, "Tó bá bọ́, ẹ ó rí òmíràn. Má fọwọ́ sí ohunkóhun kí ìwé yẹn tó dé. Bá mi sọ fún Bàbá Ìbejì bẹ́ẹ̀."

Ìwé dé. Owó ìtọ́jú kò burú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé kékeré kan wà tó tọ́ka sí abala 20 nínú òfin onílé àti ayálégbé ti ọdún 1985. Bí iṣẹ́ kan bá máa ná ẹni kan nínú àwọn tó ní líìsì lé ní £250, abala yìí ló sọ pé onílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tó wọn létí, kó fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti sọ tẹnu wọn, lẹ́yìn náà kó fi iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe pè hàn wọ́n, kó sì tún fún wọn ní ọgbọ̀n ọjọ́ mìíràn. Bí onílẹ̀ kò bá tẹ̀lé e, £250 péré ló lè gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ni ìkìíní nínú méjèèjì: káńsù fẹ́ yọ òrùlé pẹrẹsẹ yẹn kúrò, kí wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo fèrèsé ilé náà. Wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ pé ìpín fúláàtì yìí yóò tó £21,400.

Ẹni tó bá ni líìsì lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìwé owó bá dé ni wọ́n máa gbé e fún. Àwọn ọmọ ìyá àgbàlagbà yẹn ti gba ìwé ìkìlọ̀ náà lóṣù mélòó kan sẹ́yìn. Èmi kò mọ̀ bóyá wọ́n kà á, mi ò sì ní bú wọn, ọ̀fọ̀ wà nílé wọn. Ṣùgbọ́n ká ní Ìyá Ìbejì àti ọkọ rẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọ̀sẹ̀ tí ejẹ́ńtì ń fi ìpè dà wọ́n láàmú, orí wọn ni £21,400 ì bá já lé, lórí owó tí wọ́n fẹ́ fi tún inú ilé ṣe.

Wọ́n ní kí lọ́yà dá iye owó padà sí £281,000. Àwọn tó ń tà á kọ̀. Wọ́n ní fèrèsé tuntun àti òrùlé tuntun yóò fi kún iye ilé náà, kí olùrà sì san díẹ̀ níbẹ̀. Òótọ́ wà nínú ohun tí wọ́n sọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Ìbejì nígbà tí inú ń bí i. Ọ̀nà kan wà tí wọn ì bá fi yanjú rẹ̀: kí lọ́yà olùtà mú iye kan dání títí ìwé owó yóò fi dé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yẹn fẹ́ pín ogún, wọn kò fẹ́ kí owó há síbì kankan. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pàdé ní £285,000, ìyẹn ẹ̀dín £17,000.

Owó àjọ àti ilé Ìkòròdú

Lọ́yà gbọ́dọ̀ mọ ibi tí owó tí a fi ń ra ilé ti wá, òfin tó lòdì sí fífi owó ẹ̀ṣẹ̀ ra nǹkan ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ báǹkì wá. Ohun méjì ló dá ìbéèrè sílẹ̀ níbẹ̀: £6,000 tó wọlé lẹ́ẹ̀kan, àti £6,000 mìíràn tó tún wọlé lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Owó àjọ ni. Ọwọ́ méjìlá ló wà nínú àjọ náà, £500 lóṣooṣù ni wọ́n ń dá lórí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ méjì ni Ìyá Ìbejì ní nínú rẹ̀. Lọ́yà náà kì í ṣe ọmọ wa, kò mọ ohun tó ń jẹ́ àjọ. Ó ń béèrè pé ta ló ń san irú owó bẹ́ẹ̀ fún un, kí ló sì ń dá a padà.

Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé báǹkì ni gbogbo wọn fi ń san án, kì í ṣe owó lọ́wọ́. Àkọsílẹ̀ fi hàn pé £1,000 ń jáde lóṣooṣù lọ sọ́dọ̀ ìyá alájọ, pé láti ọ̀dọ̀ ìyá alájọ náà sì ni owó ti wọlé. Ìyá alájọ kọ lẹ́tà, ó to orúkọ àti oṣù tí oníkálukú kó, ó fọwọ́ sí i, ó fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà rẹ̀ sí i. Lọ́yà gbà á. Ẹni tó bá ń dá àjọ láti fi ra ilé ní ìlú yìí, kó má ṣe máa gba owó lọ́wọ́, kó sì bẹ ẹni tó ń kó àjọ kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Owó kejì tí wọ́n fi pamọ́ wà nínú Lifetime ISA tí Ìyá Ìbejì ní, ìyẹn àkáǹtì ìfowópamọ́ kan tí ìjọba ń fi owó kún. Ètò yìí fàyè gba £4,000 lọ́dún, ìjọba sì ń fi ìdá mẹ́rin rẹ̀ kún un, ìyẹn £1,000, bí ilé tí èèyàn fẹ́ rà kò bá ju £450,000 lọ, tí ó sì jẹ́ ilé àkọ́kọ́ rẹ̀. Ti Ìyá Ìbejì rí bẹ́ẹ̀, ó gba tirẹ̀ láìsí wàhálà.

Ibi tí wàhálà wà ni owó orí ilé tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ olùrà. Láti 1 oṣù Kẹrin ọdún 2025, ẹni tó bá ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ kò san kọ́bọ̀ lórí ilé tí kò ju £300,000 lọ. Bàbá Ìbejì ti ṣírò rẹ̀ pé òfo ni. Mo bi í pé, "Ilé Ìkòròdú ńkọ́?" Kó tó wá sí ìlú yìí ló ti ra ilé kékeré kan níbẹ̀, tí wọ́n ti kọ́ tán, lórúkọ ara rẹ̀. Òfin sọ pé ilé àkọ́kọ́ níbikíbi lágbàáyé. Bí èèyàn méjì bá sì jọ ń rà á, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ra ilé rí. Ọ̀kan ti bọ́ síta, nítorí náà wọ́n san iye tí gbogbo ènìyàn ń san: òfo lórí £125,000 àkọ́kọ́, ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí £125,000 tó tẹ̀lé e, tó jẹ́ £2,500, àti ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí £35,000 tó kù, tó jẹ́ £1,750. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ £4,250.

Ìbá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ilé mìíràn tí iye rẹ̀ tó £40,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Ìkòròdú, ń san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé e lórí gbogbo owó ilé tuntun. Ilé Bàbá Ìbejì kò tó iye yẹn ní owó pọ́ùn, wọ́n sì gba ìwé ìdíyelé láti nílé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí èèyàn dákẹ́ nípa ilé tó wà nílé, pé ta ló máa mọ̀. Mo kórìíra ìmọ̀ràn yẹn. Olùrà ló ń jẹ́rìí sí ohun tó wà nínú ìwé náà, irọ́ níbẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. £4,250 dunni, ṣùgbọ́n ó ṣeé san.

Wọ́n san ìdá mẹ́wàá, £28,500, lọ́jọ́ tí wọ́n pààrọ̀ ìwé àdéhùn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọ́wọ́ wọn ní oṣù Kẹsàn-án.

Iṣẹ́ inú ilé

Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan àjà. Bàbá Ìbejì ti ra ohun ìhalẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ ha Artex yẹn kúrò fúnra rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọdún 1999 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo irú asbestos pátá, ìyẹn òkúta onífọ́nrán tí wọ́n máa ń pò mọ́ ohun ìkọ́lé nígbà náà, nítorí náà, ọ̀dà Artex inú ilé 1967 lè ní in nínú. Eruku rẹ̀ ló léwu, ó máa ń wọnú ẹ̀dọ̀fóró, àìsàn rẹ̀ sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú hàn. Wọ́n bu díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ó wà nínú àjà yàrá méjèèjì. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọn kò ha á rárá: oníṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ lórí rẹ̀ fi pílásítà tuntun bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ilé pé ó wà níbẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lu ihò sí àjà lọ́jọ́ iwájú lè mọ̀.

Wáyà ni iṣẹ́ tèmi. Mo yọ gbogbo ti àtijọ́, mo fi àpótí onírin tuntun sí i, mo fi ṣọ́kẹ́ẹ̀tì tó pọ̀ tó sí yàrá àwọn ọmọ. Nígbà tí mo parí, mo dán gbogbo rẹ̀ wò, mo fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Kí ẹnikẹ́ni má gba oníná tí kò lè fún un ní ìwé ẹ̀rí, torí lọ́yà ẹni tó bá máa ra ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la yóò béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́ílà gáàsì jẹ yọ. Ìyá Ìbejì fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú ògiri ìta jáde, ògiri ìta sì jẹ́ ti káńsù, ìwé àṣẹ náà lè pẹ́, òtútù sì ti ń bọ̀. Wọ́n fi amúlégbóná oníná tuntun rọ́pò àwọn mẹ́ta àtijọ́, irú èyí tó ń di ooru mú dáadáa títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi fáànù afàfẹ́fẹ́jáde sí kíṣìnnì àti bálùwẹ̀. Ilé tí wọ́n bá ti ń se ẹ̀wà, tí wọ́n ń ro àmàlà lójoojúmọ́, omi tó ń gòkè nínú ìkòkò pọ̀, bí kò bá rí ọ̀nà jáde, ara ògiri tó tutù ló máa lọ bà sí, èbu dúdú á sì tún yọ.

Ògiri tó wà láàárín kíṣìnnì àti pálọ̀ ni ohun tó ká Ìyá Ìbejì lára jù. Ó fẹ́ kí wọ́n wó o, kí òun lè máa rí àwọn ọmọ bí òun bá ń dáná. Wọ́n kọ̀wé sí káńsù. Káńsù ní kí ẹnjiníà wá wò ó ná, kí wọ́n sì san owó àyẹ̀wò. Ẹnjiníà ní ògiri náà kò gbé nǹkan kan ró. Pẹ̀lú ìyẹn náà, wọ́n dúró títí ìwé àṣẹ fi dé kí òòlù tó kàn án. Mo ti rí ibi tí fúláàtì kò ti ṣeé tà nítorí ògiri tí wọ́n wó láìgbàṣẹ, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ilẹ̀ ńkọ́? Líìsì wọn sọ pé kápẹ́ẹ̀tì ni kí ó wà ní yàrá àti pálọ̀, nítorí ariwo sí ẹni tó wà nísàlẹ̀. Ìyá Bàbá Ìbejì, tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú, ní kí ló dé tí wọn kò fi táìsì sí i bíi ti gbogbo ayé. Wọ́n ka ìwé náà fún màmá, wọ́n sì tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Odó tí màmá gbé wá ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń gún iyán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọdún méjì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni owó orí VAT tó máa ń wà lórí iṣẹ́ àtúnṣe ilé. Bí ilé bá ti ṣófo fún ọdún méjì ó kéré tán kí èèyàn tó rà á, ìdá márùn-ún péré ni agbaṣẹ́ṣe tó forúkọ sílẹ̀ fún VAT máa gbà, tí iṣẹ́ náà bá wáyé láàárín ọdún kan tí wọ́n rà á. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣẹ́ kò mọ̀ nípa rẹ̀, àwọn mìíràn kò sì fẹ́ ìyọnu rẹ̀. Wọ́n gba lẹ́tà láti ọ́fíìsì káńsù tó ń bójú tó ilé tó ṣófo, lẹ́tà yẹn jẹ́rìí sí ọjọ́ tí ilé náà ti wà lófo. Iṣẹ́ tí agbaṣẹ́ṣe ńlá ṣe jẹ́ £20,000 láìsí owó orí. Dípò £4,000, £1,000 ni wọ́n san lé e. Kápẹ́ẹ̀tì àti fíríìjì kò sí nínú ẹ̀dínwó náà, iye kíkún ni wọ́n ra ìyẹn.

Wọ́n kó wọlé kí ọdún 2025 tó parí. Ìwé kejì ti abala 20 dé lẹ́yìn ọdún tuntun, pẹ̀lú iye tí àwọn agbaṣẹ́ṣe pè, ìpín tiwọn sì jẹ́ £19,750. Bàbá Ìbejì kọ èsì sí i láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ náà, ó béèrè ìdí tí owó àwọn igi tí àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ tò yí ilé ká láti dúró lé lórí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Títí di àsìkò tí mò ń kọ èyí, káńsù kò tíì fèsì. £17,000 tí wọ́n dín kù lára owó ilé kò kúrò nínú àkáǹtì tí wọ́n fi í sí. Lọ́yà ti fi ìbéèrè fún àfikún ọdún líìsì ránṣẹ́.